Wọ́n pe píìkì, a hán dísìkì nínú éńdì zóònù, ṣé góòlù ni àbí kì í ṣe góòlù?

Ọwọ́Òsì7

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí láti Sátidé ni mi ò ti sùn dáadáa.

Ìdíje ultimate kékeré kan la lọ, eré tí ẹgbẹ́ méjì ti ń ju dísìkì (fírísíbì) láti ọwọ́ dé ọwọ́, òfin WFDF, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré náà, la fi ń gbá a. A gbá a títí ó fi di 14 sí 14, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 15 ló gbégbá orókè, ìyẹn ni pé góòlù kan ṣoṣo ló kù. Ọwọ́ èmi gan-an ni dísìkì wà. Ẹni tó ń máàkì mi, ìyẹn ẹni tó dúró níwájú mi tó ń kà, tó bá dé 10 kí n tó jù ú dísìkì di tiwọn, ti kà dé 7. Ni mo bá rí ọ̀kan nínú àwọn tiwa tó já sọ́tùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, mo jù ú sí i, dísìkì náà lọ tààrà, ó hán an nínú éńdì zóònù, apá ìparí pápá tí a ti ń jẹ góòlù. A ti ń fò sókè, a ti ń dì mọ́ra wa, àfi bí ọ̀kan nínú àwọn tọ̀hún ṣe na ọwọ́ sókè tó ń pariwo pé "píìkì, mo ti pe píìkì!", ìyẹn ni pé ẹnì kan dínà mọ́ ọn tí kò fi lè tẹ̀ lé ẹni tó ń ṣọ́. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan kí n tó jù ú, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ní àwọn gbọ́, àwọn tiwa kan ní ó ti pè é kí n tó na ọwọ́, àwọn kan ní dísìkì ti wà lófuurufú kó tó lanu.

A fà á síbí, a fà á sọ́hùn-ún, nígbà tó yá wọ́n ní kí dísìkì padà sọ́wọ́ mi. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbá a lulẹ̀, wọ́n gbé e lọ sápá ọ̀hún, wọ́n jẹ góòlù. 15 sí 14. Eré parí.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n gba góòlù yẹn lọ́wọ́ wa? Nǹkan méjì mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nínú eré kan náà tí mo fẹ́ bi yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú ti píìkì yìí ná.

Balógun4

Pẹ̀lẹ́ o. Ká pàdánù bẹ́ẹ̀ ní góòlù tó kẹ́yìn, ó máa ń dunni.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì lo ò sọ fún wa, orí wọn sì ni ìdáhùn dúró lé. Ta ni ẹni tó pe píìkì yẹn ń ṣọ́? Àti pé ìgbà wo gan-an ló pè é, ṣé kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú ni àbí nígbà tí ọwọ́ rẹ ti ń lọ?

Tó bá jẹ́ pé ó ti pè é kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú, eré ti dúró nìyẹn, ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpè yẹn kò sí nínú ìṣirò, àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà pé píìkì náà kò kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹni yín ì bá tiẹ̀ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ náà ni ì bá padà sí, ẹ ò ní pàdánù rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ti ń lọ tàbí dísìkì ti wà lófuurufú nígbà tó pè é, eré máa lọ títí ẹnì kan á fi hán an tàbí tó máa bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá bèèrè pé ṣé píìkì yẹn kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ti wọlé. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn lápá òsì lọ́hùn-ún ló ń ṣọ́, tí ọ̀rọ̀ yẹn kò kan dísìkì tí o jù sọ́tùn-ún, góòlù ni, kí ẹ̀yin méjèèjì gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tó hán dísìkì náà gan-an ló ń ṣọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé "ká ní ẹnì kan ò dínà mọ́ mi ni, màá ti wà níbẹ̀." Dísìkì á padà sọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Ìbéèrè kan tún kù: nígbà tí wọ́n dá a padà fún ẹ, iye mélòó ni ẹni tó ń máàkì ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ó ti kà dé 7, lẹ́yìn píìkì 8 ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Iye tó kà kẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀kan, kó ṣáà má ti ju 9 lọ.

Sáré_Má_Wẹ̀yìn

Èmi ò gbà o. Góòlù ni jàre. Gbogbo àwọn tó máa ń pe píìkì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé àwọn ti jìnnà sẹ́yìn, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹnì kan dínà mọ́ ọ, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí o pè é, kì í ṣe kí o kọ́kọ́ wò ó bóyá dísìkì máa bọ́ sílẹ̀ kí o tó rántí pé ẹnì kan wà lójú ọ̀nà ẹ. Tó bá jẹ́ pé ó bọ́ sílẹ̀ ni, ṣé ó máa pè é? Ìyẹn la fi ń mọ̀.

ÌyáFírísíbì

@Sáré_Má_Wẹ̀yìn ọmọ mi, inú ń bí ẹ, mo sì mọ ohun tó ń bí ẹ nínú, torí wọ́n ti ṣe é fún èmi náà rí. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ bí o ṣe sọ ọ́ yẹn. Òfin WFDF fún ẹni tí wọ́n dínà mọ́ láyè láti dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó pè é, kó lè wò ó bóyá ìdínà yẹn máa ba nǹkan kan jẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ dára: tí gbogbo ẹni tí ẹnìkejì bá gba iwájú rẹ̀ kọjá bá ń pariwo lójú ẹsẹ̀, a ò ní gbá eré kankan, á kàn máa dúró, á máa dúró ni. Nítorí náà pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pè é kò sọ ọ́ di oníjìbìtì. Bó bá ju àáyá méjì náà lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni ohun tó ń jẹ́ píìkì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wà lójú ọ̀nà rẹ ni píìkì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ò ń ṣọ́ ẹnì kan lóòótọ́, ṣíṣọ́ sì ní ìtumọ̀ nínú ìwé: kí o wà láàárín mítà mẹ́ta sí onítọ̀hún, kí o sì máa tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Bó bá lọ, o lọ. Bó bá yí, o yí. Tí o bá wà ní mítà márùn-ún sí i, tí ò ń wo dísìkì, tí ẹlòmíràn wá gba iwájú rẹ kọjá, kò sí píìkì níbẹ̀, o ti jẹ́ kó já mọ́ ọ lọ́wọ́ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹni tí ò ń ṣọ́ àti ẹni tó dínà mọ́ ọ bá jọ ń lé dísìkì kan náà, tí àwọn méjèèjì fẹ́ hán an, píìkì kọ́ nìyẹn.

Torí náà @Ọwọ́Òsì7, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi arákùnrin yẹn lórí pápá, ìbéèrè kan péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe jìnnà tó sí ẹni tí ẹ̀ ń ṣọ́ nígbà tí wọ́n dínà mọ́ yín?" Kí ẹ bi í pẹ̀lú ohùn ìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti bi bẹ́ẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ronú, wọ́n á ní "ìyá, ó tó mítà mẹ́rin, ẹ má bínú, mo yọwọ́." Eré yìí kò ní réfirí. Nínú ìdíje àgbáyé pàápàá, àwọn olùdámọ̀ràn tí WFDF máa ń gbé sẹ́bàá pápá, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n lè sọ, àwọn tó ń gbá a ló ń pinnu. Nígbà tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè gidi ló kù tá a fi ń rí òótọ́, ariwo ò lè fún wa.

Ọwọ́Òsì7

Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ̀yin náà ẹ ṣé Balógun. Ká sòótọ́, a ò bi í. Gbogbo wa kàn dojú kọ ọ́ ni, àwa bíi mẹ́fà, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà wo ló pè é nìkan la ń jà lé lórí. Màá wá bí mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn méjì tó kù rèé. Ìkíní, ní bíi 9 sí 8, ẹnìkan nínú wọn fò, ó hán dísìkì lófuurufú, ó wá balẹ̀ sórí láìnì góòlù. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nínú éńdì zóònù, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí láìnì. Ó ní góòlù ni torí pé láìnì wà lára éńdì zóònù. Mo gbà fún un torí mi ò mọ̀. Ìkejì ni pé ọ̀kan nínú àwọn tiwa hán dísìkì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínú éńdì zóònù wọn, ẹni tó ń ṣọ́ ọ na ọwọ́ wọlé, dísìkì bọ́. Tiwa ní ó jà á gbà lọ́wọ́ òun, fáùlù ni. Tọ̀hún ní òun gbá dísìkì lulẹ̀ kó tó hán an tán. Àwọn méjèèjì kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà, a dá a padà fún ẹni tó jù ú. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Balógun4

Ti láìnì: o fún wọn ní góòlù tí kì í ṣe tiwọn. Láìnì góòlù wà lára àárín pápá, kò sí lára éńdì zóònù. Ẹni tó bá hán an lófuurufú, gbogbo ibi tí ara rẹ̀ bá kọ́kọ́ kàn nílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú éńdì zóònù pátápátá, bí ìka ẹsẹ̀ kan bá kan láìnì kì í ṣe góòlù. Dísìkì ṣì jẹ́ tiwọn, á kàn máa bá eré lọ látibẹ̀ ni. Láìnì tó yí pápá ká náà ti wà níta, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti jáde. Àwọn tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló máa ń ṣi èyí, torí nínú bọ́ọ̀lù láìnì wà lára pápá.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba ìkejì.

ÌyáFírísíbì

Màá gbà á, torí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi.

Ohun tí òfin ń pè ní híhán ni pé kí o di dísìkì mú, kí o ṣàkóso rẹ̀, kí dísìkì náà má sì máa yí mọ́. Ẹ fọkàn sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Dísìkì máa ń yí bó ṣe ń bọ̀, bó bá kan ọwọ́ rẹ ó ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ ìka. Tí ọwọ́ ẹnìkejì bá dé nígbà tó ṣì ń yí, o kò tíì hán an, ó gbá a lulẹ̀ ni, ìyẹn sì tọ́ bí kò bá kọ́kọ́ kọ lu ara rẹ. Tó bá jẹ́ pé dísìkì ti dúró lọ́wọ́ rẹ kó tó fi fáùlù gbọ̀n ọ́n bọ́, jíjà gbà nìyẹn, bó bá sì jẹ́ inú éńdì zóònù ló ti ṣẹlẹ̀, tí ẹni tó ṣe é sì gbà pé òun ṣe é, góòlù ni wọ́n máa fún ẹ. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, góòlù kan ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Òjò ti rọ̀, koríko tutù, dísìkì náà tutù. Ó dé àyà mi, mo pàtẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo rántí pé mo rí etí dísìkì náà tó ń fà kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò mi, omi ń fò jáde lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ mi fi ìka kàn án láti abẹ́, ó bọ́. Mo pariwo fáùlù, mo pariwo rẹ̀ tọkàntọkàn, ó wo ojú mi, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ó dára, ó gbà, wọ́n fún wa ní góòlù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo dùbúlẹ̀ tí mo ń rántí omi tó ń fò yẹn. Omi kì í fò lára dísìkì tí kò yí. Ó ṣì ń yí. Mi ò tíì hán an.

Mo wá ọmọ yẹn lọ ní ìdíje tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún un. Láti ìgbà yẹn, kí n tó lanu pe ohunkóhun, mo máa ń bi ara mi pé kí ni mo rí, kí ni mo kàn fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Nítorí náà @Ọwọ́Òsì7, bí ẹ ṣe ṣe é tọ́. Nígbà tí ẹni méjì bá sọ ohun tí wọ́n rí tọkàntọkàn, tí kò sì bára mu, kí dísìkì padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú kẹ́yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó pa irọ́ níbẹ̀. Ẹ sì lè bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró síbi tó ti rí i dáadáa jù, kódà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn bá fúnra yín bi í. Kí òun náà má kàn dá sí i láìjẹ́ pé ẹ bi í ni.

Sáré_Má_Wẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára mà. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan torí wọ́n pe èmi náà ní fáùlù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì tíì gbà á lọ́kàn mi. Mo fò tàdúbúlẹ̀, mo gbá dísìkì lulẹ̀ mọ́nránmọ́nrán, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kan dísìkì, lẹ́yìn náà ni èjìká mi wá kan orúnkún ẹnìkejì tó dúró síbẹ̀. Gbogbo wọn rí i pé mo kan dísìkì ṣáájú. Báwo ló ṣe jẹ́ fáùlù?

Balógun4

Kíkan dísìkì ṣáájú kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kọ lu èèyàn. Pé ẹni tó bá kan dísìkì ṣáájú kò jẹ̀bi, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú òfin, àmọ́ gbogbo pápá ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹni yẹn dúró jẹ́jẹ́ síbi tirẹ̀, ìwọ lo fò wọ ibẹ̀. Tí èèyàn bá fò lọ́nà tí kò fi bìkítà bóyá ó máa ṣe ẹlòmíràn léṣe, eré eléwu ni wọ́n ń pè é, fáùlù sì ni ìbáà jẹ́ ìgbà yòówù kí ara kan ara. Kódà bí ara ò bá kan ara rárá, bí onítọ̀hún bá ní láti sá kúrò kí o má baà fọ́ orúnkún rẹ̀, ó lè pè é.

Mi ò sọ pé èèyàn búburú ni ẹ́ o. Orúnkún ni mò ń rò. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án nítorí irú ìfò yẹn, ẹni tó fò sì kan dísìkì ṣáájú lóòótọ́.

Sáré_Má_Wẹ̀yìn

Ó yé mi. Màá pe onítọ̀hún.

TiwaNtiwa

Mo ti ń kà látẹ̀yìn, ẹ kú ìsapá gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: ẹ rí i dájú pé ìwé òfin kan náà lẹ jọ ń lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ti WFDF àti ti USA Ultimate kò bára mu níbi gbogbo. Pápá WFDF jẹ́ 100 mítà ní gígùn àti 37 ní fífẹ̀, éńdì zóònù jẹ́ mítà 18. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi yáàdì wọn tiwọn, 110 sí 40, éńdì zóònù 20. Kíkà lẹ́yìn píìkì náà yàtọ̀: bí ó bá ti ju 5 lọ, 6 ni tọ̀hún máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ méjì tó jà fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí wọ́n jọ ń sọ òótọ́, ìwé tí wọ́n kà ló yàtọ̀. Ìmọ̀ òfin wà nínú nǹkan márùn-ún tá a fi ń fún ẹgbẹ́ kejì ní máàkì ẹ̀mí eré, ìyẹn máàkì lórí ìwà wọn lórí pápá, láti 0 dé 4, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dé pápá.

Ọwọ́Òsì7

Ẹ̀yin ará, mo ti bá arákùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Kápútéènì ẹgbẹ́ wọn ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn tó kọ́kọ́ bi í bóyá kò ní bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ nítorí bí a ṣe dojú kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo wá bi í ní ìbéèrè tí Ìyá kọ́ mi.

Ó ní ẹni tí òun ń ṣọ́ ni ẹni tó hán dísìkì náà gan-an. Ó ní ẹsẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn nígbà tí ẹlòmíràn nínú àwọn tiwa gba iwájú òun kọjá, òun ní láti dúró kí òun má baà kọ lù ú, nígbà tí òun fi máa gbé ojú sókè, tiwa ti lọ. Ohun tí èmi rò pé ẹni wa ti sá fi í sílẹ̀, kò sá fi í sílẹ̀ rárá, wọ́n dínà mọ́ ọn ni. Mo tún bi ẹni tiwa tó gba iwájú rẹ̀ kọjá yẹn lálẹ́ àná, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i tó dúró, òun kàn ò sọ̀rọ̀ ni nígbà tí gbogbo wa ń pariwo.

Nítorí náà kì í ṣe góòlù. Ì báà pè é kí n tó jù ú, ì báà pè é lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi náà ló máa padà sí.

@Balógun4 o béèrè iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú báyìí ju píìkì lọ. 1 ni ẹni tó ń máàkì mi fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo sì rò ó pé "ó dára," mi ò sọ nǹkan kan. 8 ló yẹ kó jẹ́. Ó ti kà dé 5 kí n tó jù ú lẹ́ẹ̀kejì yẹn.

ÌyáFírísíbì

Sọ ìyẹn náà fún arákùnrin yẹn, ọmọ mi. Kó o sì sọ fún ẹni tó gba iwájú rẹ̀ kọjá pé kó pè é fúnra rẹ̀.